Ẹ Jẹ́ Kí Màmá Lajú Kí Ẹ Tó Kun Ojú Wọn

Ní ọjọ́ tí àbúrò mi obìnrin ṣe ìgbéyàwó ní Ìbàdàn, ìyá wa jókòó sórí àga fún wákàtí kan àti ààbọ̀ kí ọmọbìnrin tí a gbà láti kun ojú wọn tó parí iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo ti rí àwọn ìyàwó tí ó ti kùn, ojú wọn sì gún régé. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ohun kan ṣoṣo ni ó ń sọ fún ìyá wa: “Màmá, ẹ dijú.” Ìyá wa dijú. Ó fi àwọ̀ wúrà tí ń kọ mànà sí ìpéǹpéjú wọn, ó fa ìlà dúdú tí ó nípọn sí ìdí irun ibẹ̀, ó sì lẹ irun àtọwọ́dá gígùn mọ́ ọn. Níwọ̀n ìgbà tí ojú wọn ṣì wà ní dídì, iṣẹ́ náà dára bí àwòrán. Ìgbà tí wọ́n lajú ni gbogbo rẹ̀ pòórá. Awọ ojú tí ó ti rọ̀ sílẹ̀ lára ẹni ọdún 68 bo àwọ̀ wúrà náà mọ́lẹ̀, ìlà dúdú náà tẹ ara rẹ̀ sí awọ òkè, irun àtọwọ́dá náà sì wúwo débi pé kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ìyá ìyàwó ti ń wo àlejò bí ẹni tí oorun ń kùn.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu láti kọ́ bí a ti ń kun ojú àgbàlagbà obìnrin, nítorí mo rí i pé ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ ìyá wa, kò sì sí nínú ọjọ́ orí wọn. Ojú ọmọ ọdún 25 ni ọmọbìnrin náà kọ́, òun náà ni ó sì gbé lé ojú ẹni ọdún 68. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ Sátidé, fún ìyá ìyàwó, fún ìyá ọkọ, fún opó tí ó ń ṣe ìrántí ọkọ rẹ̀, àti fún àwọn alága ìjókòó tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo rí kọ́, èsì mi kò gùn: ojú tí ó là ni kí a máa kùn, kì í ṣe ojú tí ó dì.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n ya orúkọ sọ́tọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wa ń fi orúkọ kan pe ohun mẹ́ta. Ìpéǹpéjú ni mo ń pe awọ tí ó ń bo ẹyinjú nígbà tí a bá ṣẹ́jú. Irun ìpéǹpéjú ni èyí tí ó hù sí etí awọ náà. Irun òkè ojú sì ni èyí tí ó tẹ̀ kọ́rọ́ ní ìsàlẹ̀ iwájú orí.

Awọ ìpéǹpéjú ni ó tín-ín-rín jù lọ ní gbogbo ara ènìyàn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn èròjà tí ó ń mú kí awọ le, kí ó sì máa fà padà sí ààyè rẹ̀ ń dín kù, iṣan tí ó ń gbé ìpéǹpéjú sókè ń dẹ̀, irun òkè ojú sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú iwájú orí. Ìṣẹ́po tí a máa ń rí kedere lókè ẹyinjú nígbà èwe a wọ abẹ́ awọ lọ, ibi tí àwọ̀ ti lè hàn a sì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, ojú ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń gbẹ. Yóò máa ta wọ́n, yóò máa yún wọn, tàbí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ya àwọn kan lẹ́nu, yóò máa ṣomi ṣáá, nítorí ojú tí ó gbẹ a máa fi omi púpọ̀ dá ara rẹ̀ lóhùn. Omi yẹn ni ó ń ṣan máskárà, ìyẹn àwọ̀ tí a fi ń kun irun ìpéǹpéjú, wálẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Irun ìpéǹpéjú pẹ̀lú a fọ́nká, a sì kúrú. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tí ó jẹ́ àbùkù. Àwọn baba wa kì í ki obìnrin ní ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ kí wọ́n wá gba oríkì náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá pé ọgọ́ta ọdún.

Bí mo ti ń ṣe é nìyí. Mo máa ń gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lè kọjú sí màmá, mo sì máa ń gbé dígí sí iwájú wọn ní ìwọ̀n ojú wọn gan-an. Dígí tí ó wà nísàlẹ̀ yóò mú kí wọ́n wolẹ̀, èyí tí ó wà lókè yóò mú kí wọ́n gbójú sókè, ibi tí awọ bá sì wà nígbà náà kọ́ ni yóò wà nígbà tí wọ́n bá ń kí àlejò. N óò wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wo iwájú tààrà, bí ẹni tí ó fẹ́ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà, kí wọ́n má sì gbé irun òkè ojú sókè. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ni ó ti mọ́ lára láti ran iwájú orí pọ̀ nígbà tí wọ́n bá rí dígí, nítorí náà mo máa ń dúró, mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ títí ojú wọn yóò fi rọlẹ̀.

Nígbà tí ojú bá ti là, tí ó sì rọlẹ̀, n óò mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré olórí roboto, n óò tì í bọ àtíkè ìpéǹpéjú aláwọ̀ búráùn tí kò dán, tí ó fi díẹ̀ ṣú ju awọ màmá lọ. N óò fi kan òkè ibi tí awọ ti ṣẹ́po, níbi tí etí egungun ihò ojú ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àmì náà yóò ti hàn nígbà tí wọ́n bá lajú, kò sì ní wọ abẹ́ awọ lọ. N óò wá ní kí wọ́n dijú fún ìgbà díẹ̀, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì mìíràn tí kò ní àwọ̀ lára fọ́n etí rẹ̀ ká, sókè àti sí ìhà ẹ̀bátí, kí a má baà rí ibi tí àwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó ti parí. Lẹ́yìn náà, wọn yóò tún lajú, n óò tún wò. Bí a ti ń lọ tí a ń bọ̀ láàárín dídì àti lílà yìí lè mú kí iṣẹ́ pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Mo máa ń sọ fún àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni owó tí wọ́n ń gbà.

Lórí ìpéǹpéjú fúnra rẹ̀, ohun fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni mo ń lò. Àwọn èérún dídán ńláńlá tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn máa ń kó sínú ìhunjọ, iná fọ́tò yóò sì mú kí ìhunjọ kọ̀ọ̀kan tàn. Ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ó sọ pé àgbàlagbà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tí ó ń dán rárá. Àwọ̀ tí ó ń tàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí aṣọ sányán, tí a fi ìka tẹ̀ sí àárín ìpéǹpéjú nìkan, máa ń jí ojú tí ó ti rẹ̀. Ní ti irú àwọ̀, awọ dúdú wa ní ọrọ̀ púpọ̀ láti mú yàn: pupa bí osùn, búráùn bí obì àbàtà, àwọ̀ àlùkò, àti àwọ̀ aró tí ó ṣú dáadáa. Àwọ̀ funfun àti àwọ̀ eérú ni mo máa ń sá fún, nítorí wọ́n máa ń sọ ìpéǹpéjú aláwọ̀ dúdú di ohun tí ó hunfun. Bí aṣọ òkè bá jẹ́ àwọ̀ ewé, kò pọn dandan kí ojú náà di ewé. Ìlà tín-ín-rín kan ní ìdí irun tó.

Abẹ́ ojú ni mo ti ń rí àṣìṣe jù lọ. Ibi tí ó ṣú lábẹ́ ojú aláwọ̀ dúdú kì í gba ìpara tí ó mọ́lẹ̀. Bí a bá kàn fi ìpara mímọ́lẹ̀ bò ó, àwọ̀ eérú ni yóò yọ. Ìpara aláwọ̀ ọsàn tí ó pọ́n ni a ń kọ́kọ́ fi tẹ ibẹ̀ díẹ̀, kí a tó fi èyí tí ó bá awọ mu lé e. Kí ó kéré, bí hóró ìrẹsì kan fún ojú kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wà ní kọ̀rọ̀ inú nítòsí imú, níbi tí ó ti ṣú jù. Ìka òrùka ni kí a fi tẹ̀ ẹ́ wọlé, nítorí òun ni kì í lágbára jù. Àtíkè tí a dà lé e lórí rẹpẹtẹ, tí a sì jẹ́ kí ó jókòó síbẹ̀ bí ìyẹ̀fun, yóò gbẹ sínú ìhunjọ nígbà tí màmá bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìyá ìyàwó kì í pẹ́ dé.

Ìyá mi àgbà kò mọ pẹ́ńsùlù ojú. Tìróò ni wọ́n ń lé ní àràárọ̀, tí wọ́n ń fi igi kékeré fà á sí etí ojú láti inú àpò aláwọ kan tí ó ń gbé lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Mo nífẹ̀ẹ́ tìróò náà, mo sì nífẹ̀ẹ́ àpò náà, ṣùgbọ́n mo ti dẹ́kun lílo tìróò, mo sì ń bẹ àwọn ìyá tí ó ń jókòó níwájú mi pé kí wọ́n dẹ́kun rẹ̀. Òkúta tí a ń lọ̀ di tìróò sábà máa ń kún fún òjé (lead), májèlé sì ni. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n ń lé sí ojú rẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ó jẹ́ òjé. Àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí dídènà àrùn ni ó tẹ ìròyìn náà jáde ní 2012. Òjé kan náà ni ó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láti wá wúrà. Ìyá àgbà lè sọ pé òun ti ń lé e láti ìgbà èwe, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó kan tìróò ni ó ń gbé ọmọ-ọmọ, ọmọ-ọmọ a sì máa fi ọwọ́ rẹ̀ kan ojú ìyá àgbà, a sì fi í sẹ́nu.

Pẹ́ńsùlù ojú tí ó rọ̀ ni mo fi rọ́pò tìróò, n kì í sì í fà á sí inú etí ojú níbi tí omi wà. Àwọn ihò kéékèèké kan wà ní etí ìpéǹpéjú, lẹ́yìn irun, tí ó ń tú òróró díẹ̀díẹ̀ jáde kí omi ojú má baà yára gbẹ. Bí pẹ́ńsùlù bá ń dí àwọn ihò wọ̀nyí lójoojúmọ́, ojú tí ó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ yóò tún gbẹ sí i. Àárín irun kan sí èkejì ni mo máa ń tò àmì kéékèèké sí, bí ẹni tí ń gbin irúgbìn, kí n tó fi búrọ́ọ̀ṣì pa wọ́n pọ̀. Irun yóò dà bí èyí tí ó kún, kò sì ní sí ìlà gbọọrọ tí yóò gba ìwọ̀nba ibi tí ìpéǹpéjú ṣẹ́kù. Ìrù tí a ń fà jáde ní ìgun ojú ni ó nílò ojú lílà jù lọ: bí a bá fà á nígbà tí ojú dì, yóò ṣẹ́ sí méjì nígbà tí ojú bá là, nítorí awọ tí ó rọ̀ yóò bo àárín rẹ̀. Ẹ wo ìlà irun ìsàlẹ̀, ẹ fojú inú nà án sókè sí ìhà òpin irun òkè ojú. Ojú ọ̀nà yẹn ni ìrù náà yóò gbà, kí ó sì kúrú.

Máskárà kò gba àlàyé púpọ̀. Kí a kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ tí a fi ń ká irun ìpéǹpéjú ká a sókè, kí a fi máskárà kun ti òkè nìkan, kí a sì ju ike rẹ̀ nù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìbáà ṣẹ́kù. Irun àtọwọ́dá tí a gé sí ìdì kéékèèké, mẹ́ta sí ìgun òde ojú kọ̀ọ̀kan, máa ń gbé ojú sókè láìwúwo. Kí a ti fi gúlúù rẹ̀ kan inú apá màmá ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí a sì wò ó bóyá ara wọn yóò kọ̀ ọ́.

Ó wá ku irun òkè ojú, tí mo fi ojú àánú wò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ni ó ti fi abẹ fá a dànù láti ìgbà èwe, tí wọ́n ń fi pẹ́ńsùlù dúdú ya òmíràn síbẹ̀, ní báyìí kò hù mọ́ bí ó ti yẹ. Èyí tí ó ṣẹ́kù ti ń funfun. Pẹ́ńsùlù dúdú kirikiri máa ń mú kí ojú le bí ti ẹni tí inú ń bí. Búráùn ṣíṣú tàbí àwọ̀ eérú ṣíṣú ni mo ń lò, ní ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín bí irun gidi, n kì í sì í jẹ́ kí ìpẹ̀kun rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ, nítorí ìpẹ̀kun tí ó sọ̀ kalẹ̀ yóò fa gbogbo ojú wálẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Ohun kan sì wà tí n kò rí kọ́ níbikíbi àfi lọ́wọ́ gèlè. Bí a bá wé gèlè dáadáa, tí a fún un le, yóò fa awọ iwájú orí sókè, irun òkè ojú yóò sì gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kun ojú tán kí ó tó ránṣẹ́ pe onígèlè yóò rí i pé gbogbo àmì tí òun fi sí ti ṣí kúrò ní ààyè wọn, màmá yóò sì dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun ìyàlẹ́nu fún. Nítorí náà, mo máa ń kọ́kọ́ fi ìborùn wé orí màmá, mo máa ń fún un tó bí gèlè yóò ṣe fún, níbi tí etí gèlè yóò dé, kí n tó fi pẹ́ńsùlù kan irun òkè ojú. Mo tún máa ń bi wọ́n bóyá wọn yóò lo awò ojú. Awò ìkàwé máa ń sọ ojú di ńlá, a sì máa fi gbogbo àṣìṣe hàn. Awò àwọn tí kì í rí ọ̀nà jíjìn máa ń dín ojú kù, wọ́n lè fi àwọ̀ díẹ̀ kún un.

Ìbéèrè tí mo máa ń bèèrè kí n tó ṣí àpótí ni mo fẹ́ kí gbogbo onímékọ́ọ̀pù fi sọ́kàn: “Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn ojú? Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín?” Glaucoma, ìyẹn àrùn tí ìfúnpá inú ojú sábà máa ń fà, tí ó lè fọ́ni lójú, wọ́pọ̀ láàárín wa, oògùn kan tí a ń kán fún un, irú bíi latanoprost, a sì máa mú kí irun ìpéǹpéjú gùn, kí ó sì nípọn, a sì tún máa mú kí awọ ìpéǹpéjú ṣú. Mo ti rí màmá tí ó fi ìpara ìbóra kun ìpéǹpéjú rẹ̀ láti lé dúdú náà lọ, láìmọ̀ pé láti inú oògùn ni ó ti wá. Èyí sì burú jọjọ, nítorí ọ̀pọ̀ ìpara ìbóra ní steroid nínú, ìyẹn oògùn kan tí ń dín wíwú ara kù, steroid lójú a sì lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè, ìyẹn ohun gan-an tí wọ́n ń gba oògùn sí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ cataract (ohun bíi kùrukùru tí ń dí ìríran nínú ẹyinjú) fún kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohunkóhun kan ojú òun títí dókítà yóò fi gbà á láyè, kódà bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá ti dé. Bí ìpéǹpéjú kan ṣoṣo bá sì ṣàdédé já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, ilé ìwòsàn ni a ń gbé màmá lọ, a kì í wá àwọ̀ tí yóò bò ó.

Mo ń fọ búrọ́ọ̀ṣì mi lẹ́yìn ojú kọ̀ọ̀kan, n kì í sì í fi máskárà kan kun ènìyàn méjì. Àwọn tí ó ti dàgbà mọ àrùn ojú pípọ́n tí a ń pè ní Àpólò, tí ó ti Ghana bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ọdún tí Apollo 11 balẹ̀ sórí òṣùpá, tí ó sì gba ìlú kan dé ìlú kejì. Búrọ́ọ̀ṣì tí ń ti ojú ìyá ìyàwó bọ́ sí ojú ìyá ọkọ lè gbé irú rẹ̀ wọ ilé méjèèjì ní ọjọ́ kan náà.

Ní alẹ́, tí òde bá ti túká, kí a má ṣe fi ọṣẹ àti kànìnkànìn ha ojú. Òwú tí a rẹ sínú òróró àgbọn díẹ̀ tàbí ohun ìnujú olómi ni kí a gbé lé ojú tí ó dì, kí a kà dé ọgbọ̀n, kí àwọ̀ náà ti yọ́, kí a tó nù ún wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Báyìí ni mo ṣe ń nu ojú ìyá wa nígbàkigbà tí a bá ti òde dé. Wọn a gbé orí lé ìtìsẹ̀yìn àga, wọn a sì máa sọ ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá fún mi, títí òwú náà yóò fi funfun.